Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbóná Bí Ààrò

Ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ àlàáfíà láàárín tọkọtaya ni a sábà máa ń mú wá síwájú yín. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ gbà wá láyè kí a sọ̀rọ̀ nípa irin. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ irin kò kan ìdílé. Irin tí a fẹ́ sọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa àti ọmọ wa, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba owó tí a kò ní lọ́wọ́ wa.

Ọmọ wa àgbà ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní LAUTECH. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti bébà àti rúlà nìkan mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gbé ilé dúró, tí wọ́n ti ń kùn ún lọ́dà, tí wọ́n sì ti ń tan oòrùn sí i lára kí olùkọ́ lè rí ibi tí òjìji yóò bọ́ sí ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ń lò tẹ́lẹ̀ kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a dá owó jọ, a sì ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún un. Tòkunbọ̀ ni. Ohun tó mú kí a ra èyí tí a rà ni káàdì kan tó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní graphics card. Káàdì àwòrán ni àwa yóò máa pè é. GTX 1060 ni tirẹ̀, irú èyí tí ilé iṣẹ́ NVIDIA gbé jáde ní 2016.

Àárín ọyẹ́ tó kọjá ni ọmọ náà pè wá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn rẹ̀ kò dùn. "Ẹ má bínú o, Dádì. Kọ̀ǹpútà yìí ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fáànù rẹ̀ á máa ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Kò ní pẹ́, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó kó àwòrán àṣekágbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti gbé e lọ bá oníṣẹ́ kan nínú ìlú. Ẹni náà kò tilẹ̀ ṣí i. Ó tan iná sí i, ó gbọ́ ariwo rẹ̀, ó ní káàdì ti jóná, kó lọ wá owó òmíràn. Iye tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó yàrá tí ọmọ náà ń san fún ọdún kan.

Ọ̀kan nínú àwa méjèèjì, a kò ní sọ ẹni náà, ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, "Géèmù lo fi bà á jẹ́. A ti sọ fún ọ." Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dàárọ̀ o, Mà. Ó dàárọ̀, Sà," ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ wò ó, a kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a pè é pé kó tú káàdì àti àpótí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kó má ṣe san kọ́bọ̀ kan, kó gbé gbogbo rẹ̀ bọ̀ wálé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ. Ó fi ìró ìyá rẹ̀ kan wé àpótí náà, ó gbé e lé itan, kò sì gbé e sílẹ̀ títí tí mọ́tò fi kọjá Odò Ọbà tó sì já wa ní Owódé. Apá rẹ̀ ti kú tipiri.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a jókòó, a sì bi ara wa pé kí ló ń fa ooru gan-an. A ti kà díẹ̀, ọmọ náà sì mọ púpọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Iná mànàmáná tó bá wọ inú káàdì àwòrán kì í jáde bí ẹni tó wọ ọjà Akẹ̀sán tó sì tún gba ẹnu ọ̀nà kejì lọ. Ní àárín káàdì náà ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní chip. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà kéékèèké tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì láìsinmi. Gbogbo iná tí wọ́n bá lò, ooru ló ń dà níkẹyìn. GTX 1060 lè jẹ 120 watt bí iṣẹ́ bá le. Ẹ rántí gílóòbù àtijọ́ ti 60 watt, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn bó bá ti ń tàn. Ooru irú gílóòbù méjì ni ó ń ti orí èékánná kan jáde.

Kí ooru náà má bàa pa chip, wọ́n gbé irin alumíníọ̀mù kan lé e lórí, tí a ó máa pè ní irin afaooru. Eyín púpọ̀ ló ní bí òòyà. Láàárín irin àti chip ni wọ́n ti fi ohun kan tó dà bí ìpara sí, aláwọ̀ eérú, thermal paste ni orúkọ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé irin tó ń dán lójú wa kò dán ní tòótọ́. Bí a bá fi awò tó lágbára wò ó, a ó rí i pé kòtò wà lójú rẹ̀ bí ọ̀nà oko, afẹ́fẹ́ ló sì máa ń wà nínú kòtò bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá dúró sójú kan kì í gbé ooru dáadáa. Pésìtì yìí ló ń dí kòtò náà. Lẹ́yìn èyí ni fáànù yóò wá fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín eyín òòyà náà kọjá. Ẹ rí i pé ọwọ́ mẹ́ta ni ooru ń gbà: chip fún pésìtì, pésìtì fún irin, irin fún afẹ́fẹ́. Ibi tí ọwọ́ kan bá ti já, ibẹ̀ ni ooru yóò dúró sí.

Àwọn tó ṣe káàdì yìí sọ pé 94 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni òpin ooru rẹ̀. Kó tó débẹ̀, láti nǹkan bí 83, á ti máa dẹwọ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ọmọ wa ń pè ní "ó ń fà" nìyẹn. Bó bá kọjá òpin, á pa ojú rẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ inú ìlú kò sọ fún ọmọ wa ni pé káàdì tó ń pa ara rẹ̀ nítorí ooru kò tíì jóná. Èyí tó bá jóná kì í jí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá tutù. Tiwa ń jí ní gbogbo ìgbà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà la dán an wò. Lórí Windows 10 tó ti gba àtúnṣe ti 2020, ẹ kò nílò láti fi dátà fa ohunkóhun wọlé. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ GPU, ẹ ó rí ìwọ̀n ooru káàdì níbẹ̀. Nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, 58 ni. Ọmọ náà ṣí àwòrán rẹ̀, ó ní kí ó máa kùn ún. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ó ti di 93, fáànù sì ń hó. A wá yọ irin ẹ̀gbẹ́ àpótí, a gbé fáànù onídùúró tiwa sún mọ́ ọn, a tan án dé òpin. Ó wálẹ̀ sí 89, kò sì kúrò níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, ó sì sọ ohun púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú àpótí nìkan ni kò tó, ìbá ti wálẹ̀ ní mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò ṣe wálẹ̀ tó yìí, ó hàn pé ìdíwọ́ wà lára káàdì fúnra rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ ọmọ wa kan pè é láti Under-G. Ó ní kí wọ́n yan káàdì náà nínú ófùn fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, á jí. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ irú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Ní July 2008, NVIDIA kéde pé àwọn yóò ya owó tó tó 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn chip kan nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí ohun tí wọ́n fi kọ́ wọn kò lè fara da gbígbóná àti títutù léraléra. Ìsopọ̀ inú wọn ń sán. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ènìyàn kárí ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yan káàdì bí ẹni yan búrẹ́dì, òmíràn a sì jí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti July 2006 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò ti fẹ́ òjé nínú irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ chip mọ́ pátákó. Èyí tí wọ́n ń lò dípò rẹ̀ kì í yọ́ àfi bó bá tó nǹkan bí 217 Celsius, àwọn tó ń yan káàdì kì í sì í gbé ófùn wọn dé ibẹ̀. Nítorí náà, kò sí ohun tó yọ́, kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ra. Ooru ká ibi tó sán mọ́ra fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà sí ipò rẹ̀. Ike ara káàdì a sì ti máa rú èéfín burúkú sínú ibi tí ẹ ti ń yan ẹja. A sọ fún ọmọ náà pé ófùn inú ilé yìí, búrẹ́dì àti ẹja nìkan ló mọ̀.

Ohun tí a kó jọ sórí tábìlì kò pọ̀: súkúdíráfà kékeré onígun mẹ́rin, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tuntun tó rọ̀, rọ́bà tí a máa ń fi fa ikun imú ọmọ ọwọ́, aṣọ òwú funfun tó mọ́, isopropyl alcohol tí wọ́n kọ 90 sí lára tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, thermal paste kékeré kan, àti òróró máṣíìnì ìránṣọ. Ẹni tó jẹ́ aránṣọ nínú wa ló ni òróró náà, ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe dà á nù.

A yọ wáyà kúrò lára iná pátápátá. A tẹ bọ́tìnì ìtàn-án lẹ́ẹ̀kan sí i kí èyí tó kù nínú rẹ̀ lè jáde. A fi fóònù ya àwòrán gbogbo wáyà kí a tó tú ọ̀kan. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nígbà ọyẹ́. Ẹ mọ bí ṣúwẹ́tà ṣe máa ń ta pàràpàrà tí ẹ bá ń bọ́ ọ lálẹ́. Iná kékeré náà ń bẹ lára wa, kò sì ju kí ó ta wá lọ, ṣùgbọ́n ó lè pa chip. Nítorí náà a ṣiṣẹ́ lórí tábìlì onígi, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì, a sì ń fọwọ́ kan irin àpótí kí a tó fọwọ́ kan káàdì. Etí pátákó rẹ̀ la fi ń dì í mú.

Ọmọ náà tú síkúrù ẹ̀yìn, ó tẹ etí wáyà iná rẹ̀ kó tó fà á, ó tẹ ìlẹ̀kùn kékeré tó di káàdì mú nísàlẹ̀. Ó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Síkúrù mẹ́rin ló yí chip ká lẹ́yìn káàdì, a sì tú wọn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí irin afaooru kò tètè dìde, a kò fi agbára fà á. A yí i díẹ̀ sí ọ̀tún, díẹ̀ sí òsì, títí ó fi já. A tún yọ wáyà kékeré tó so fáànù mọ́ pátákó, nítorí bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ ó fà á já.

Ẹ̀yin ará, ohun tó wà lábẹ́ fáànù náà kì í ṣe eruku mọ́. Ó ti di òwú. A fi ìka méjì mú un, ó sì ṣí lódindi bí ẹni ká ẹní. Ó ní pupa ilẹ̀ Ọ̀yọ́ nínú. Ó ní funfun ọyẹ́, irú èyí tí ẹ̀fúùfù ń gbé kọjá aṣálẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá bá wa. Ó ní dúdú èéfín jẹnẹrétọ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀ la rí fọ́nrán òwú búlúù, ọ̀kan, èkejì, títí a fi dẹ́kun kíkà.

Búlúù yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà ìsinmi gígùn, pálọ̀ wa ni kọ̀ǹpútà yìí wà, lẹ́bàá fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà níta. Ẹni tó jẹ́ aránṣọ nínú wa rán aṣọ léèsì búlúù kan láti fi bò ó kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Aṣọ dáradára ni. Bí ọmọ náà bá ń ṣiṣẹ́, ó máa ń ká a kúrò lójú, ṣùgbọ́n a máa ń bá a wí pé kó jẹ́ kí ti ara àpótí wà níbẹ̀, kí ó lè bá àwọn aga mu. Bẹ́ẹ̀ ni fáànù ṣe ń mí aṣọ símú fún oṣù bíi mélòó kan. Ìdájí ihò ẹ̀yìn tí ooru ń gbà jáde ló dí. Ẹni tó rán aṣọ náà ni ẹni tó sọ lórí fóònù pé géèmù ló bà á jẹ́. Ẹni kejì kò sì lè fi í ṣẹ̀sín, nítorí òun ló máa ń tún aṣọ náà ṣe lórí àpótí bó bá yẹ̀.

Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn mú fọ́nrán náà lé orí tábìlì. A bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, àwa méjèèjì. Ó ní, "Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, Mà. Ẹ ò mọ̀ ni." A ní rárá, ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí fóònù kò dára, a kò sì béèrè kí a tó dájọ́. Ó dáhùn pé ó ti tán nínú òun. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

A fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eyín irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a fi rọ́bà ọmọ ọwọ́ fẹ́ èyí tó kù. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bá a lọ. Àbúrò rẹ̀ ní kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà níwájú ilé kó fi ẹ̀rọ ìfẹ́táyà rẹ̀ nà án. A kọ̀. Omi máa ń wà nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ sì lè yí fáànù kọjá bó ṣe yẹ kó yí, kó sì ba ìdí rẹ̀ jẹ́. Kódà nígbà tí a ń fi rọ́bà fẹ́ ẹ, a fi ìka di fáànù mú.

Pésìtì tó wà lórí chip ti gbẹ bí amọ̀ ara ògiri. Ó sán, ó sì ń bọ́. A fi aṣọ funfun tí a fi isopropyl rin nù ún títí ojú chip fi ń dán bí dígí. Ẹ ní sùúrù níbi èyí, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ há a. Pésìtì tuntun tí a fi sí i kò ju ẹyọ ìrẹsì méjì lọ, a sì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kó bo ojú chip. Àwọn kan rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe tutù tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá nípọn, òun fúnra rẹ̀ á di ìdíwọ́. A ti gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ń lo ọṣẹ ìfọyín dípò rẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ, ìyẹn ò sì lè pẹ́ lórí ohun tó gbóná bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi òrí sí i pẹ̀lú, ó ń yọ́ ó ń ṣàn.

Ní ẹ̀gbẹ́ chip, àwọn chip kéékèèké tó ń pa ìrántí mọ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ bíi fóòmù tẹ́ lórí. Wọn kì í ṣe pésìtì, ẹ má sì fi pésìtì rọ́pò wọn. Bí wọn kò bá ya, ẹ dá wọn padà síbi tí ẹ ti bá wọn. Bí wọ́n bá ya, ẹ wọn ìnípọn wọn kí ẹ tó ra òmíràn, nítorí èyí tó bá nípọn jù yóò gbé irin sókè kúrò lára chip, ooru yóò sì pọ̀ ju ti àná lọ.

Ọ̀kan nínú fáànù náà ń ké kíké tí kì í ṣe ti iyàrá. A ṣí bébà tó lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀, a sì kán òróró máṣíìnì ìránṣọ kan ṣoṣo sí ìdí rẹ̀, a fi ọwọ́ yí i, a dá bébà padà. Òróró ìdáná kò dára fún un, ó ń di gọ́ọ̀mù. Ti ẹ́ńjìnnì mọ́tò nípọn jù. Irú fáànù kan wà tí wọ́n dí ìdí rẹ̀ pa, ẹ má ṣe fi irin lu ti bẹ́ẹ̀. Bí fáànù bá kú pátápátá, ẹ kò tíì nílò káàdì tuntun. Àwọn oníṣẹ́ mìíràn máa ń yọ ọ́, wọ́n á fi okùn ike di fáànù àpótí ti 12 volt mọ́ irin afaooru. Kò rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń tutù.

Nígbà tí a ń dá síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, a ṣe é bí fọkanáísà ṣe ń dè nọ́ọ̀tù táyà: a dè é díẹ̀ ní igun kan, a kọjá sí igun tó dojú kọ ọ́, títí gbogbo rẹ̀ fi fọwọ́ sí ara. Bí ẹ bá dè igun kan pa kí ẹ tó dé èkejì, chip lè sán.

A tan án. Fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta, ojú rẹ̀ dúdú, ẹnikẹ́ni kò mí nínú pálọ̀. Lẹ́yìn náà ó mọ́lẹ̀. Láìṣe nǹkan kan, 41. Ọmọ náà ṣí àwòrán rẹ̀, ó ní kó máa kùn ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 68. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 72, ó sì dúró síbẹ̀. Fáànù rẹ̀ ń ṣe wùù bí ẹni tó ń sùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní MSI Afterburner dín iná tí káàdì ń gbà kù sí 80 nínú 100. Ooru tún wálẹ̀ ní bíi márùn-ún, àwòrán kàn fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ sí i. Kò sí ẹni tó ń lé e.

Àpótí kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí a kò ṣí, a kò sì fẹ́ kí ẹ ṣí i. Òun ni power supply, ibi tí wáyà ògiri ń wọ̀. Iná lè wà nínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́, ó sì lágbára ju ti ṣúwẹ́tà lọ fíìfíì. Eruku ẹnu ihò rẹ̀ ni kí ẹ gbá, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ ọ.

Àwọn òbí kan yóò béèrè bóyá kì í ṣe tòkunbọ̀ ló fà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tiwa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Títí di 15 September 2022, ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ń fi káàdì àwòrán wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Ethereum, wọ́n ń lò wọ́n tọ̀sán-tòru. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n yí ètò rẹ̀ padà, káàdì kò sì wúlò níbẹ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú wọn wọ ọjà tòkunbọ̀. Irú wọn lè ṣì dára, àmọ́ pésìtì àti fáànù wọn ti sábà rẹ̀. Ní ti ẹrù tó ń gba èbúté Èkó wọlé, ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá wọn lọ́wọ́ sí ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná tí wọ́n ti lò ló ń wọlé lọ́dún, ó sì kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á tan án lójú yín, kí ó fi iṣẹ́ sí i fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa wo ìwọ̀n ooru rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ dá owó yín padà sápò.

Ọmọ wa padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní kùtù ọjọ́ Ajé. A ti bá a sọ̀rọ̀ pé kó gbé àpótí náà kúrò nílẹ̀ sórí tábìlì, kó jẹ́ kí ó jìnnà sí ògiri tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó sì bò ó nígbà tó bá ti pa á tó sì ti tutù nìkan. Ó kó àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Nígbà tó tún pè, ó ní àwọn ọmọ ilé tí òun ń gbé ti ń gbé tiwọn wá, mẹ́ta ti jí, ọ̀kan kò jí. Ó ní kí ìyá òun jọ̀wọ́ fi òróró máṣíìnì díẹ̀ ránṣẹ́.

A ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà pé Sátidé àkọ́kọ́ nínú December ni a ó tún ṣí i, kí ọyẹ́ tó dé. Aṣọ léèsì búlúù náà wà nínú àpótí aṣọ. Ọ̀kan nínú wa ti ń sọ pé yóò dára lórí fíríìjì. A kò tíì fẹnu kò.